Ohun Tó Ń Bá Àìsàn Wọlé

Inú oòrùn ọ̀sán ni bàbá jókòó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbẹ̀ òtútù ń mú un bí ẹni tí òjò pa. Òun ló ń ran tìmùtìmù àga fún gbogbo àdúgbò. Àga onígbàjámọ̀ kan ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yìí, ó ti bọ́ awọ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ran tuntun sí i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Adákẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, àfi kó tẹ́tí dáadáa. Ilé ló ti kẹ́kọ̀ọ́, lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà, ẹ̀kọ́ tó sì wọ̀ ọ́ lára jù ni pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà àfi tí wọ́n bá bi í.

Bàbá mú òwú, ó fẹ́ fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Ó fi òwú sẹ́nu, ó tún gbìyànjú, kò tún wọlé. Bẹ́ẹ̀ ojú abẹ́rẹ́ àga fẹ̀ débi pé afọ́jú lè fi òwú bọ̀ ọ́.

"Ìyàwó," ni bàbá wí láìgbójú sókè, "bá mi fi òwú bọ nǹkan yìí."

Adákẹ́ wẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó ṣì ń rákòrò.

Ó gba abẹ́rẹ́, ó fi òwú bọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ọwọ́ bàbá kan tirẹ̀, ó sì gbóná bí ìdérí ìkòkò tó ń hó.

Ohun tó ń ṣe bàbá kì í ṣe àìsàn tí ènìyàn ń bá pàdé lójú ọ̀nà. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, awọ ara ló ń gbà yọjú: àbààwọ́n pupa níhìn-ín, egbò lọ́hùn-ún, àti ara yíyún tí kì í jẹ́ kó rí oorun sùn. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ti pè é ní làpálàpá, tí wọ́n ń fún un ní ìpara, tí ara ń bó sí i. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà kan nílé ìwòsàn ńlá ni wọ́n tó rí ẹni tó dárúkọ àìsàn náà fún wọn. Dókítà Onírùngbọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Ọjọ́rú nìkan ló ń rí àwọn tó ní irú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Màmá Àgbà ti ṣòfin. Màmá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá, òun sì ni olórí ilé. Ó ní ọwọ́ dókítà mìíràn kò gbọdọ̀ kan àbúrò òun mọ́. Ohunkóhun tí ì bá máa ṣe é, kó di Ọjọ́rú. Òfin náà kò burú lójú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àmọ́ Adákẹ́ ti gbọ́ nǹkan kan lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ní Ọjọ́rú tó kọjá. Obìnrin kan wá síbẹ̀ láti dá oògùn tí ọkọ rẹ̀ kò lò tán padà. Ó jókòó ti Adákẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

"Àìsàn yẹn kọ́ ló pa á," ló ní. "Gbogbo wa dojú kọ àìsàn yẹn, à ń ṣọ́ ọ bí olè. Egbò kékeré kan ló ṣí, nǹkan mìíràn sì gbabẹ̀ wọlé. Ibà mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. A ní ká dúró de dókítà rẹ̀. Kò dúró dè é."

Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá gbọ́, ó sì mi orí. Ó ní bó ṣe ń rí nìyẹn. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni jẹjẹrẹ gan-an ń pa. Tọ̀hún, ohun tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ojú egbò ni. Tẹlòmíràn, òtútù àyà. Tẹlòmíràn, ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹsẹ̀. Adákẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò sọ ọ́ fún ẹnìkan nílé. Ta ni yóò bi í?

Ọjọ́ Àìkú sì nìyí.

Ó wọlé lọ bá Màmá Àgbà tó ń ká aṣọ gbígbẹ ní pálọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ara bàbá gbóná."

"Ara gbígbóná rẹ̀ kì í ṣe tòní, ọmọ mi. Lọ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ọjọ́rú ò jìnnà mọ́."

"Wọ́n pè mí ní ìyàwó, Màmá."

Ọwọ́ Màmá Àgbà dúró lórí aṣọ. Lẹ́yìn náà ó tún ń ká a. "Ẹni tí ara bá ń ni, kí ló kù tí kò ní pe ènìyàn? Èmi náà ń pè ẹ́ ní orúkọ gbogbo ọmọ ilé yìí kí n tó kan tìẹ."

"Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ibi ìwòsàn tó wà lẹ́bàá kọ́nà."

"Ibẹ̀? Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ ìkókó? Àìsàn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣí ìwé kí wọ́n tó dá a mọ̀, àwọn ni yóò mọ̀ ọ́n? Kí wọ́n tún kun ìpara fún un?"

Ní ìgbà mìíràn, Adákẹ́ ì bá ti dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó rí ojú obìnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn, bó ṣe di àpò oògùn mú.

"Màmá, àìsàn yẹn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù," ló wí. "Ohun tó ń bá a wọlé ni. Wọ́n ní òun gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í dúró de Ọjọ́rú."

"Ta ló ní?"

"Ìyàwó ẹnìkan tó ti lọ. Àti nọ́ọ̀sì."

"Ìwọ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, o sì fi pamọ́ sínú?"

Màmá Àgbà ju aṣọ sílẹ̀, ó jáde. Ó fọwọ́ kan iwájú orí àbúrò rẹ̀, ó sì dì í mú lẹ́sẹ̀. Orí gbóná, ẹsẹ̀ tutù bí omi inú àmù.

"Kí lorúkọ mi?" ló bi í.

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wá gba àga yín? Kò tíì tán o."

Ojú Màmá Àgbà yí padà. Kò sí ọkọ̀ ládùúgbò lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọmọlanke tí wọ́n fi ń gbé àga lọ fún oníbàárà. Bàbá ò lè rìn mọ́, kò sì ṣeé gbé lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì gbé àga onígbàjámọ̀ sórí ọmọlanke, wọ́n gbé bàbá jókòó sórí fóòmù rẹ̀ tí kò tíì ní awọ, wọ́n fi àjákù awọ so ó mọ́ ọn láyà. Adákẹ́ ń tì, Màmá Àgbà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di èjìká àbúrò rẹ̀ mú.

"Ọba ń kọjá," ni ọkùnrin kan tó ń fọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú wọn, ó ju kànrìnkàn sílẹ̀, ó wá bá wọn tì í.

Nígbà tí wọ́n dé ibi ìwòsàn ẹ̀bá kọ́nà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àìsàn náà bó ṣe há a sórí, láti orí dé ìdí. Obìnrin náà tẹ́tí, ó sì ń bọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá lọ.

"N ò rí irú rẹ̀ rí, Màmá, n ò ní purọ́ fún yín. Kí ni ti ọwọ́ yìí?"

Àtẹ́lẹwọ́ òsì ni. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un wà níbẹ̀, ó wú, ó ń dán, ìlà pupa sì ti ibẹ̀ gun apá títí dé abíyá.

"Mo rí i láàárọ̀ àná," ni Màmá Àgbà wí. "Mo ní ọ̀kan lára egbò ti tẹ́lẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀." Ó ń wá iṣan bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mo máa fún un lóògùn nísinsìnyí, mo sì máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má bi mí bóyá yóò yè é. Ẹ kàn jókòó."

Wọ́n jókòó. Omi oògùn ń kán sínú iṣan bàbá. Adákẹ́ ń wo àyà bàbá rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀, nígbà tó bá sì pẹ́ díẹ̀ kó tó tún lọ sókè, òun náà á dá èémí dúró. Ó ronú pé ká ní òun ti sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ronú pé ká ní òun dákẹ́ lónìí. Èkejì yìí ló bà á lẹ́rù jù.

Kí ọkọ̀ tó dé, bàbá la ojú. Ó wo àjà, ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́.

"Adákẹ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Kò sẹ́nì kankan, bàbá."

"Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ káre." Ó tún di ojú.

Nọ́ọ̀sì gbọ́. Ó ní ó dára tó mọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn.

Màmá Àgbà nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Adákẹ́ títí orúnkún wọn fi kan ara wọn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó sùn má bàa gbọ́.

"Àwọn mìíràn tó ní in," ló wí. "Ohun tó ń pa wọ́n. Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, má fi ọ̀kan pa mọ́."

Adákẹ́ wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì.