Kílókànyín Ń Gbààwẹ̀

Ṣíọ̀! Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ Ẹkúndayọ̀, akọ̀wé káńsù. Ó kàwé kàwé, kò mọ irú ẹni tí èèyàn ń fi ohun ọ̀sìn rẹ̀ tì.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé tó háyà níbí ní Ìyànà Ọ̀fà. Ọdún tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ wa ló kó dé. Mo kí i káàbọ̀, mo ní, "Ìyàwó ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?" Ìbéèrè àgbà lásán. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó lọ ra ọmọ ajá, ó sọ ọ́ ní Kílókànyín! Láràárọ̀ ni yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi, tí yóò máa pariwo, "Kílókànyín! Kílókànyín, wá jẹun!" Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó ń bá wí. Èmi Mùjíbátù, ìyá Rilwan, tí mo tó o bí! Inú bí mi dé góńgó.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ajá náà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé yẹn. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ajá yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀, ìdí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló sì ń sùn. Nígbà tí wọ́n wá ní kó lọ ṣe kọ́ọ̀sì ní Kàdúná fún oṣù mélòó kan, ìrònú ẹni tí yóò bá a tọ́jú ajá ni kò jẹ́ kó gbádùn.

Ìyàwó télọ̀ tó wà níwájú ilé sọ fún un pé, "Ẹ fi ti Ìyá Rilwan. Gàrí ni wọ́n ń yan, wọn kì í kúrò nílé." Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Mùsùlùmí tí itọ́ ajá ń ba àlùwàlá wọn jẹ́? Májèlé ni wọ́n máa fún un jẹ. Alàgbà Elijah ni mo máa fi í tì. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó báyẹn kò lè fi ẹ̀dá Ọlọ́run ṣeré."

Aṣọ funfun tí Alàgbà ń wọ̀ lọ sí ìjọ wọn ló wò. Kò béèrè bóyá Alàgbà sin ajá rí. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ń jẹun nílé Alàgbà. Ó kó ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ sílẹ̀, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ rárá tí ìjọ Alàgbà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ gígùn. Wòlíì wọn ní gbogbo ẹ̀mí tó bá wà lábẹ́ ìtọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ bá a gbà á. Gbogbo ẹ̀mí! Ni Alàgbà bá so Kílókànyín mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Ẹkúndayọ̀, ló bá fi ajá sí ààwẹ̀. Nírọ̀lẹ́, yóò wá kí wọ́n jọ ṣínu. Yóò bó ọsàn, yóò mu ìdajì, yóò ju ìdajì sí ajá. Ọsàn! Fún ajá!

Mo yọjú lórí ògiri, mo ní, "Alàgbà, ajá yìí ń kú lọ o."

Ó ní, "Màmá, ara rẹ̀ ló ń rù, ẹ̀mí rẹ̀ ń sanra."

Ẹ gbà mí! Ẹ̀mí ajá ń sanra!

Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ síta, kò sì gbó mọ́. Mo bu ẹ̀bà àti orí ẹja sínú páànù kan tó ti jò, mo gun àpótí, mo fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò dìde. Mo súfèé, mo pòṣé, mo ní, "Wá, jọ̀ọ́." Kò ṣe bí ẹni gbọ́. Orúkọ yẹn nìkan ló mọ̀ mọ́ oúnjẹ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rọra ní, "Kílókànyín." Ó gbé etí kan sókè. Mo bá lanu, mo pariwo, "Kílókànyín, wá jẹun!" Ó wọ́ ara rẹ̀ wá. Ìyàwó télọ̀ ń rẹ́rìn-ín, mo ní kó rẹ́rìn-ín dọ̀la.

Bí mo ṣe ń fi ẹnu ara mi bú ara mi láràárọ̀ nìyẹn, tí màá sì lọ fọ ọwọ́ mi dáadáa kí n tó ṣe àlùwàlá. Mi ò fẹ́ràn ajá o. Ṣùgbọ́n kí ni ajá mọ̀ nínú ẹnu burúkú ọ̀gá rẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ẹkúndayọ̀ dé, mi ò sì mọ̀. Wọ́n ní ó ti gbé kìlíṣí Kàdúná dání, ó tú ajá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alàgbà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń dúpẹ́ pé ara ajá òun dá ṣáká. Alàgbà ní, "Àdúrà ni, ọmọ mi." Àsìkò yẹn gan-an ni mo gun àpótí mi, tí mo gbé páànù sókè, tí mo fi gbogbo ohùn ké, "Kílókànyín, wá jẹun!"

Ajá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó sáré wá sídìí ògiri, ó ń ju ìrù. Ojú èmi àti Ẹkúndayọ̀ ṣe mẹ́rin. Alàgbà ń wo òkè. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí mi.

Ẹkúndayọ̀ ti gbìyànjú láti yí orúkọ náà padà. Ó pe ajá ní Bọ́bì, ajá kò dá a lóhùn. Ní báyìí, tó bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, akọ̀wé káńsù á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ẹnu sí etí ajá, á máa pè é wúyẹ́wúyẹ́.

Èmi á wà lẹ́yìn ògiri, màá ní, "Pè é sókè! Mi ò gbọ́!"