Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Tẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n tẹlifóònù láti ìlú Bròbò pé ọkọ̀ ti gbókìtì, pé Moïse ọkọ mi kò sí mọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní ìsọ̀ táìlì wa ní Bouaké, mò ń fi ẹfun ya ilẹ̀. Bí ibi tí wọ́n fún wa ní ìpàtẹ ọjà ṣe fẹ̀ tó ni mò ń yà: mítà mẹ́ta sí mẹ́ta. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, mo sì ya ìlà kan tó kù. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo padà sídìí iṣẹ́ náà. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo dìde. Mo to táìlì, mo tú u, mo tún un tò. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ díẹ̀, etí mi á tún máa gbọ́ tẹlifóònù.

Èmi àti àbúrò ọkọ mi la jọ ń ṣe é. Akọ̀wé ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ó fẹ́ kí a kan gbogbo irú táìlì wa mọ́ pákó, bí ẹni gbé fọ́tò kọ́ ògiri. Ó ní bí ìpàtẹ ọjọ́ mẹ́ta yìí bá kọjá láìsí oníbàárà tuntun, ìsọ̀ tí Moïse dá sílẹ̀ yóò tì.

Mo ní, "Akọ̀wé, ẹsẹ̀ la fi ń mọ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà tẹ̀ ẹ́."

Ó wò mí. "Ìyàwó, o ti ń sọ̀rọ̀ bíi bùọ̀dá mi."

Ó gbà. A to irú táìlì kan ṣoṣo sílẹ̀ níbi ìpàtẹ wa, funfun bíi wàrà.

Ọyẹ́ ń fẹ́ erùpẹ̀ pupa káàkiri lọ́jọ́ tí ìpàtẹ bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ìgbà ni mò ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ náà. Àwọn ènìyàn ń dé etí rẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń yà lọ. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, Akọ̀wé ti ń wá pákó kiri.

Mo bọ́ síta, mo dúró níbi tí wọ́n ń dúró. Ilẹ̀ náà ń dán bí pálọ̀ olówó. Ta ni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa tí yóò gbé erùpẹ̀ títì wọ pálọ̀ onílé, nígbà tí onílé kò tíì ní kó wọlé?

Mo bọ́ bàtà mi sí etí ilẹ̀ náà, mo bọ́ sí àárín, mo sì ń fi Jùlá, èdè ọjà wa, kí wọn bí ẹni kí àlejò. Ìyá àgbà ẹ̀yà Baoulé kan tó wá láti Sakassou ló kọ́kọ́ bọ́ sílípáàsì rẹ̀. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀.

Ó ní, "Ó tutù. Irú èyí ni mo fẹ́ sí yàrá mi."

Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, bàtà ti kún etí ilẹ̀, Akọ̀wé ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ rà, kò gbójú sókè.

Nígbà ayé Moïse, bí àlejò bá wà nílé wa, a máa yọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà, a yí bàtà wọn kọjú síta, kí ó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti wọ̀ bí wọ́n bá ń lọ.

Mo lóṣòó. Mo yí sílípáàsì ìyá náà kọjú síta, lẹ́yìn náà mo mú ti ẹni tó tẹ̀ lé e.