Ẹ̀jẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kán Sínú Aká

Ijja ń yẹ irúgbìn wò lókè aká òkúta ìlú wọn, lórí òkè Bani nílẹ̀ Moroko, nígbà tó gbọ́ igbe Bihi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àbúrò rẹ̀ tó ń ṣọ́ aká náà ké. Ó yọjú lójú ihò ògiri. Idder, ọmọ ìlú òdìkejì òkè, ló rí tó ń yọ ọ̀bẹ lọ́rùn Bihi níta.

Idder fi aṣọ Bihi nu ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa kó tó wọlé. Olè pàápàá mọ̀ pé tí ẹnìkan bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú aká, ọkà inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbìn ín. Ọ̀dá sì ti run ìyókù. Irúgbìn tó wà níbẹ̀ nìkan ló kù fún gbogbo ìlú.

"Ìyá, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ yàrá ọkà sílẹ̀," ni Idder wí.

"Wá gbà á. Àbí ìyá rẹ kò kọ́ ẹ ní gígun ògiri?"

Idder rẹ́rìn-ín. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó yọ síta lára ògiri ni àtẹ̀gùn wọn. Nílùú tirẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ òsì ni àwọn tó kọ́ aká yìí tò ó fún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló gbé, bó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ijja ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ látòkè.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òkè, ó na ẹsẹ̀ síbi tí kò sí òkúta. Ijja fi gìgísẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ fọ́. Idder já lulẹ̀, egungun itan rẹ̀ dá kàá. Olè kejì tó bá a wá, tó dúró ti ìbaaka níta, gbọ́ igbe náà, ó sì sá lọ.

Idder wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ògiri. "Mo ti di ògiri aká mú! Ẹ ò lè ta ẹ̀jẹ̀ mi sínú aká!"

Àwọn obìnrin ìlú ti ń sáré bọ̀ tàwọn ti dòjé. Tuda, ìyàwó Bihi, ló ṣáájú. Ijja sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà aká tó kúrú.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ jẹ́ n ráàyè wọlé."

"Tó o bá pa á síbí, kí la máa gbìn?"

"Ọkà? Òkú Bihi ò tíì tutù, ọkà ni ìwọ ń rò! Ṣé ìyá kan náà kọ́ ló bí yín ni?"

"Ìyá kan náà ni. Dòjé yẹn kò ní wọlé."

Tuda fi èèkù dòjé gbá a lẹ́nu. Ó tún gbá a. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Ijja di òpó ìlẹ̀kùn mú, kò mira. Lẹ́ẹ̀kẹta, eyín rẹ̀ yọ, ẹnu rẹ̀ sì kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó na ọrùn síta pátápátá, ó tu ẹ̀jẹ̀ náà sórí yẹ̀pẹ̀, ó fi ìborùn nu àgbọ̀n rẹ̀ gbẹ kí ẹ̀jẹ̀ kankan má baà kán sínú aká lẹ́yìn rẹ̀.

"Gbá mi sí i, Tuda," ó ní. "Mi ò kúrò níbí."