Omi Lásán Nínú Abẹ́rẹ́

Lọ́dún 1983, nígbà tí epo òyìnbó wọ́n bí ojú, fìríìjì kan ṣoṣo tó ń fi epo náà ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn abúlé kan lápá Òkàkà kú. Mojọlá, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kò tètè mọ̀. Ojoojúmọ́ ló yẹ kó máa wo bí inú rẹ̀ ṣe tutù tó, kó sì kọ ọ́ sínú páálí tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń kọ ọ́ láìṣí ilẹ̀kùn wò. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣí i, ooru ló kọlù ú lójú. Àwọn ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára éèyi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

Ọ̀gá rẹ̀, Ògúndèjì, fi alùpùpù dé láti ìlú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mojọlá sáré pàdé rẹ̀.

"Ọ̀gá, ooru ti pa oògùn yìí, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká dá àwọn ìyá ọlọ́mọ padà."

Ògúndèjì wo páálí, ó wo Mojọlá. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó tutù lánàá. Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, Ọ̀gá."

"Àwọn ìyá ti wà lọ́nà. A ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ti kéde ní mọ́ṣáláṣí. Gún wọn. Omi lásán ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni."

Bó ṣe gún wọn nìyẹn, títí oòrùn fi kanrí. Lára àwọn tó wá ni Ojúọlápé, ìyàwó àgbẹ̀ oníṣu kan, tó fẹsẹ̀ rìn láti oko wá, Àpọ́nlé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Éèyi ti pa ọmọ kan mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé éèyi ò ní lè mú eléyìí?"

"Ó ti bọ́, Ìyá Àpọ́nlé. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ohun tó ba Mojọlá lẹ́rù nígbà tó délé ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò kólòlò rárá.

Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, éèyi dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ojúọlápé kó o. Gbogbo ẹni tó lọ́mọ lọ́wọ́ ló ń sá fún ilé náà, ṣùgbọ́n Ojúọlápé pọn Àpọ́nlé, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Wọ́n kìlọ̀ fún un títí.

"Tèmi ti gba abẹ́rẹ́," ló ń wí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara Àpọ́nlé gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé ìwòsàn ló kú sí, lọ́sàn-án gangan, ìka rẹ̀ di àtàǹpàkò Mojọlá mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Mojọlá wọ ọkọ̀ lọ sí Òfìkì, ó lọ bá bàbá rẹ̀, Sàlàkọ́, lóko. Ó bá a níbi tó ti ń kọ ebè, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bàbá, níbo ni mo ti kọ́ irọ́? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi."

Bàbá fara ti ọkọ́. "Ta ní ń kọ́ni? Ṣé o mọ àparò? Bó o bá sún mọ́ ọmọ rẹ̀, á máa wọ́ apá nílẹ̀ bí ẹyẹ tí apá rẹ̀ ṣẹ́. Wàá máa tẹ̀ lé e, wàá rò pé ẹran ọbẹ̀ ti dé. Bó bá ti tàn ọ́ jìnnà sí ọmọ, á fò lọ fìrì. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ tirẹ̀ ò dàgbà. Irọ́ ti wà nínú igbó kí èèyàn tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà táwa èèyàn wá ń gbé pọ̀ ni irọ́ tiwa gbilẹ̀. Ojú tí ọmọnìkejì fi ń wò wá ń bà wá lẹ́rù ju ẹkùn lọ."

"Àparò ń ṣe tirẹ̀ nítorí ọmọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó ń kọ ebè lọ. 

Lọ́jọ́ kẹta tó padà dé, Mojọlá lọ sílé Ojúọlápé. Ó bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Àpọ́nlé, omi lásán ni mo gún fún ọmọ yín. Mo mọ̀ kí n tó gún un."

Ọwọ́ Ojúọlápé dúró.  Mojọlá rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà á gbọ́.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," ló wí jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni."

"Mo ní ẹ má sọ ọ́! Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo pọn ọmọ mi lọ pàdé ikú. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Abẹ́rẹ́ yín dáa, Nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ló mú un."

Ìyápọ̀, ọkọ rẹ̀, ti gbọ́ ariwo. Ó jáde láti ẹ̀yìnkùlé. "Kí ni Nọ́ọ̀sì ń wí?"

"Ó wá kí wa kú ará fẹ́ra kù ni," ni Ojúọlápé dáhùn.

Ìyápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí. "Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ dúró tì í dópin." Ó wọ inú àká, ó kó iṣu ńlá mẹ́ta jáde. Mojọlá bojú wo Ojúọlápé. Ẹ̀gúsí lobìnrin náà ń bó, kò gbójú sókè.

Mojọlá gba iṣu náà. Ó rù ú dé ilé. Kò lè sè é, kò sì lè fi tọrẹ. Ìdí ògiri ló wà títí ó fi jẹrà.