Ogún Ẹyin inú Kúlà

“Kì í ṣe ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ o. Wọ́n ní Màmá ẹ ní... tó bá ti ku bí ọjọ́ mélòó kan... pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìwọ dé ìdí... torí pé ọwọ́ ẹ... Áà, jẹ́ n panu mọ́ jàre, èmi kì í ṣe elẹ́jọ́.”

Onídìrí ló ń sọ̀rọ̀, kóòmù wà lẹ́nu rẹ̀, orí oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara ti ṣọ́ọ̀bù Onídìrí, kàn wá dá dígí tó yá padà ni. Ó béèrè pé ọwọ́ òun ṣe kí ni. Onídìrí ní òun ò mọ ìyókù. Ó ní lọ́jọ́ tí Màmá àti Ìyàwó, aya àbúrò Aránṣọ, jọ wá dirun, oníbàárà kan jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun, ẹ̀rọ náà ń pariwo bí ẹni ń lọ ata, ibi tí ariwo ti dẹwọ́ díẹ̀ ni etí obìnrin náà ti he ìwọ̀nba tó he. Kò gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ tán kì í pẹ́ sọ.

Aránṣọ gbé dígí náà kalẹ̀. Kò wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọwọ́ ẹ. Kí ni wọ́n máa ń fi parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ ẹ ò dáa. Ọwọ́ ẹ tutù. Kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti fi ọ̀nà mẹ́fà parí gbólóhùn náà, kò sì sí èyí tó dára nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà láàárín Aránṣọ àti ẹyin á ní kí ló ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Kó tó gbọ́n dáadáa ni Màmá ti ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, òun sì ni ojú Màmá. Bí àgbébọ̀ bá ti sàba fún ọjọ́ méje, òun ló ń gé ihò sára páálí, tí ń gbé ẹyin lé ihò náà kọjú sí oòrùn, tí ń sọ pé èyí ti ní iṣan, èyí ò ní, òbu nìyí. Ohun tó bá sọ ni Màmá gbà. Láti bí ọdún mẹ́jọ tí ojú Màmá ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ ẹnu Aránṣọ ló di ìmọ́lẹ̀ ilé yẹn. Ó kọ́ṣẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, òun ò tíì lọ, kò sì dùn ún tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n ń pè kí wọ́n tó pe òun.

Àfìgbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí kì í sì í gbélé, gbé ìyàwó wálé.

Fóònù ni Ìyàwó ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó rí kúlà kan tí ara rẹ̀ ti sán, ó gé fèrèsé sí i, ó fi dígí dí i. Ó fa wáyà wọ inú rẹ̀, ó fi gílóòbù kan síbẹ̀, ó yọ fáànù kékeré lára kọ̀ǹpútà tó ti kú, ó so nǹkan kan mọ́ ọn tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti tó, tó sì ń tan án padà bí ooru bá rẹlẹ̀. Ó gbé àwo omi sí ìsàlẹ̀. Ó ní, ẹ wo adìẹ tèmi. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní adìẹ tí kì í ṣu sílé, adìẹ tí kì í sá tọ àkùkọ kiri, òun ì bá ti ní irú rẹ̀ látọdún yìí wá.

Ẹyin mẹ́rìnlélógún ni wọ́n kó sí i. Àwọn adìẹ tí Aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ló yé gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn? Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá ti jí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni, “Ìyàwó, báwo làwọn ọmọ wa?” Àwọn ọmọ wa. Láti inú yàrá rẹ̀ ni Aránṣọ ti ń gbọ́ ọ, á sì wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sínú aṣọ téèyàn ń wọ̀ lọ́wọ́.

Ìyàwó fi pẹ́ńsùlù ya àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹyin kọ̀ọ̀kan, ó ya òdo sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ló ń yí wọn, kó lè mọ èyí tó ti yí àti èyí tí kò tíì yí. Nígbà tó pé ọjọ́ méje, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló tàn sí wọn nídìí. Kò wá páálí, kò dúró de oòrùn. Kí èèyàn tó fi okùn sí abẹ́rẹ́, ó ti yọ òbu mẹ́rin dànù, ó ku ogún. Kò sẹ́ni tó pe Aránṣọ. Ìyàwó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Àǹtí ni, òun ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́. Irú ọ̀wọ̀ yẹn dà bí kí wọ́n fa àga kúrò nídìí èèyàn kí wọ́n ní ìdúró ló yẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, Ìyàwó kó wọn jọ, ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní àwọn ò ní yí ẹyin mọ́, ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ ṣí kúlà. Ọ̀rinrin tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin rọ̀. Bí ọ̀rinrin yẹn bá sá jáde, awọ náà á gbẹ mọ́ òròmọdìẹ lára, òròmọdìẹ á lu èèpo, kò ní lè yíra, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ó fi téèpù lẹ ìdérí yípo. Ó wo ojú Màmá, ó wo ojú Aránṣọ. Lójú Aránṣọ, ojú òun ló wò pẹ́ jù.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Onídìrí sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò parí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ọdún mẹ́jọ ni Aránṣọ ti ń di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, aṣọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́sàn-án wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyàwó á sin òun lọ. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn méjèèjì lọ. Ìyàwó sọ nǹkan kan, Màmá fi èjìká gbá a, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, Màmá kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń lọ wo ojú. Bí Aránṣọ bá ń mú un lọ, àdúrà ló máa ń gbà títí wọ́n á fi dé.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ. Okùn já. Ó fi òmíràn sí i, ó tún já. Ó ní òun ń lọ mu omi nílé. Omi ò sí ní yàrá tí kúlà wà.

Òógùn bo dígí fèrèsé náà, kò rí nǹkan kan. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rò ó. Bí òbu méjì péré bá wà níbẹ̀ tí tọ́ọ̀ṣì fóònù ò rí, kí òun pàdé Màmá lẹ́nu ọ̀nà, kí òun ní ẹ káàbọ̀, adìẹ yín tí kì í ṣu ń sàba lórí òbu o. Èyí kan ṣoṣo ló fẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé èyí kan ṣoṣo ni.

Ó ya téèpù náà. Ooru fẹ́ lù ú lójú. Ó gé ihò sára páálí bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ síbi fèrèsé yàrá, ó sì ń gbé ẹyin sí oòrùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò rí òbu. Gbogbo wọn ló ṣú dùdù, ọmọ ti kún inú wọn, afẹ́fẹ́ tíńtín ló kù lókè. Bó ṣe ń wá òbu tí kò rí ni inú ń bí i sí i, ìdérí kúlà sì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó kan ẹyin kẹtàdínlógún, ẹyin náà ké lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn kékeré bí ilẹ̀kùn tó ń dún ní ilé kejì.

Ó sáré kó wọn padà, ó dé e. Dígí ti mọ́ gaara, ó ń wo gbogbo ogún ẹyin kedere. Ó dúró kí òógùn náà padà. Kò padà bọ̀rọ̀.

Téèpù àkọ́kọ́ ti ya. Èyí tó kù nínú róòlù rẹ̀ wà lórí kúlà, ó fi lẹ̀ ẹ́ yípo, nígbà tó sì kan ìpẹ̀kun, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí ọwọ́ aránṣọ máa ń ṣe láìgbàṣẹ: ó ká ẹnu téèpù sínú, ó ṣẹ́tí rẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é.

Màmá dé, ó béèrè bí ilé ṣe wà. Ó ní ilé wà dáadáa.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń gbọ́ igbe nínú kúlà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mọ́kànlá ti jáde, wọ́n ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́ lórí èèpo ara wọn. Mẹ́sàn-án ìyókù lu ihò, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ìyàwó ṣí ìdérí, ó ń wo wáyà, ó ń wo fáànù, ó ní òun ló fà á, fáànù náà ti gbó, òun ì bá má ti lò ó. Inú Aránṣọ kọ́kọ́ dùn, bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn bí ẹni tí wọ́n fi ṣúgà tọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yìn náà ló gbọ́ tí igbe inú ihò kan ń rẹlẹ̀.

Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ funfun tó rọ̀. Ó tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí itan. Awọ náà ti gbẹ bí aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ inú kóòtù. Ó ń rin ín, ó ń dúró, ó ń fi etí aṣọ ṣí i díẹ̀díẹ̀, bó bá rí ẹ̀jẹ̀ á dáwọ́ dúró. Ó lé ní wákàtí méjì. Márùn-ún yè. Mẹ́rin kú, ó tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn. Ìyàwó kúnlẹ̀ tì í, ó ń sọ pé, “Àǹtí mi, ọwọ́ yín mà dára o,” ó sì ń sọ ọ́ láti inú wá. Ìyẹn ló burú jù.

Màmá jókòó síbi kúlà. Bí ojú rẹ̀ ò ṣe ríran, ìka rẹ̀ ló ń kàwé. Ó fi ìka tọ téèpù tó wà lára ìdérí, ó lọ, ó lọ, ó dé ìpẹ̀kun, ó dúró.

“Ta ló ṣẹ́tí téèpù yìí?”

Ìyàwó wo téèpù, ó wo Aránṣọ, ó wo ilẹ̀. Ó ní bóyá òun ni. Màmá ní ìwọ tó o máa ń feyín gé e?

“Èmi ni, Màmá,” Aránṣọ sọ. “Mo ṣí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ wo ojú. Ẹ kúkú ti sọ fún Ìyàwó pé ọwọ́ mi ò dáa.”

Màmá béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tú ọ̀rọ̀ Onídìrí palẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti já. Màmá yíjú sí ibi tí Ìyàwó wà.

“Ìyàwó, o wà níbẹ̀. Kí ni mo sọ? Sọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀.”

Ìyàwó ní kí Àǹtí òun má bínú, bí Màmá ṣe sọ ọ́ lòun fẹ́ sọ ọ́ o. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀.

“Màmá ní: ‘Tó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta, má jẹ́ kí àǹtí ẹ dé ìdí kúlà yìí o, ọmọ mi ò lè rí nǹkan tí wọ́n dé kó má ṣí i wò, láti kékeré ló ti ń ṣí ìkòkò mi kó tó hó. Ṣùgbọ́n tí àwọn ẹyin yìí bá ti pa tán, òun ni kó o kó gbogbo wọn fún, ìwọ má dán an wò rárá, torí pé ọwọ́ ẹ̀, ọmọ adìẹ kì í kú níbẹ̀.’”