Ihò Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́ta

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Verlin Stroud sọ dígà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀. Dígà ta padà, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n dé èjìká. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Mesa, ìlú wa, rí: lábẹ́ erùpẹ̀ díẹ̀, ìpele funfun kan wà tó le bíi kọnkéré. Ó da omi sí i, ó dúró kó mu ún, ó tún gbé dígà.

Ihò ló ń gbẹ́ fún ilé orí táyà rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń fà kiri. Òfin ẹgbẹ́ onílé ẹ̀sìtéètì wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbi tí wọ́n ti lè rí i láti ojú títì. Ògiri ọgbà kò sì gbọdọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ilé orí táyà náà ga ní mẹ́jọ àbọ̀. Wọ́n ti kọ̀wé sí i: bí wọ́n bá ṣì rí i ní ọ̀sán Sátidé, wọn yóò wọ́ ọ lọ. Ọjọ́ Ajé sì ni Verlin, tó jẹ́ wẹ́dà, gbọ́dọ̀ dé ibi ìwakùsà bàbà kan nínú aṣálẹ̀. Kò sí ilé kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé ibùsùn tirẹ̀ wá, kò níṣẹ́.

"Ògiri ò lè ga sí i," ó sọ fún Nadine, ìyàwó rẹ̀. "Ilé yẹn ló máa kúrú."

"Ṣé o fẹ́ gé e lórí ni?"

"Màá rì í mọ́lẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta."

"Ẹni tó bá rí ẹ á ní òkú lo fẹ́ sin."

"Bí Royce bá yọjú, òkú ò ní wọ́n wa."

Royce Haddock ni alága ẹgbẹ́ onílé. Ó yọjú lóòótọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, nígbà tí Verlin ń gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà yóò gbà wọlé. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá tètè jìn jù, ìdí ilé á kan ilẹ̀. Nítorí náà, fún ẹsẹ̀ bàtà kan tó bá fi jìn, ó jẹ́ kó gùn ní mẹ́jọ. Ní ìsàlẹ̀, ó ti da òkúta wẹ́wẹ́ sínú kòtò kékeré kan kí omi òjò lè ríbi wọ̀.

Royce fi bàtà ti erùpẹ̀ padà sínú ihò. "Kún un padà, òkété!"

"Royce, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò níbẹ̀."

"Bí mi ò bá gbé e ńkọ́?"

Verlin di ẹsẹ̀ náà mú, ó fà á. Royce fi ẹ̀yìn balẹ̀ sínú ihò, Verlin sì kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nímú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Royce fọwọ́ wá ilẹ̀ títí ó fi bá ṣọ́bìrì, ó fì í fìrì. Ó gbá ọwọ́ òsì Verlin mọ́ ògiri. Ìka méjì kán, ó dún bí igi gbígbẹ. Verlin fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, kò gbé e kúrò títí Nadine fi tu omi páìpù lé àwọn méjèèjì lórí.

"Àgbà òṣì! Ẹ fẹ́ pa ara yín nítorí ilẹ̀kílẹ̀?"

Verlin di ìka rẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ, ó fi ọwọ́ kan parí ihò náà.

Ní aago mọ́kànlá Sátidé, ilé orí táyà ti wọ ihò. Royce dé pẹ̀lú ọkọ̀ tówìn tó máa wọ́ ọ lọ, imú rẹ̀ wú bí ànàmọ́. Màmá Pruitt, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé ìwé òfin tẹ̀ lé e. Royce wo ibẹ̀ títí láti ojú títì. Ògiri nìkan ló rí. Ló bá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tówìn.

"Mo rí i! Mo rí òrùlé ẹ̀!"

Ó fa ọ̀pá irin kan yọ nínú ọkọ̀, ó fo ògiri, ó fọ́ fèrèsé ilé náà yángá. Ó yíjú sí Verlin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó fẹ́ fi irin náà lù ú lórí. Verlin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi iwájú orí kàn án lẹ́nu. Eyín méjì bọ́. Ó ta á nípàá ní orúnkún. Royce kúnlẹ̀ gbì. Verlin gba irin náà, ó gbé e sókè gan-an ní ọ̀gangan àtàrí rẹ̀.

"Verlin!" Màmá Pruitt kígbe láti títì. "Mi ò rí nǹkan kan o!"

Irin dúró lókè. "Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo ní, níbi tí mo dúró sí yìí, mi ò rí ilé kankan! Royce, ojú títì ni òfin wí. Kò wí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́."

Awakọ̀ tówìn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ní kó tún gun òpó iná wò."

Verlin ju irin náà sínú òkúta wẹ́wẹ́. Royce kò pe ọlọ́pàá. Òun ló fo ògiri onílé. Orí ọkọ̀ tówìn náà ni Màmá Pruitt tẹ́ ìwé lé, tó fọwọ́ sí i pé ilé orí táyà Verlin Stroud bá òfin mu.

Ní ìdájí Ọjọ́ Ajé, Verlin fi pákó dí fèrèsé tó fọ́, ó fa ilé náà jáde. Ìdí rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀gá ibi ìwakùsà ti ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀.

"O lè fi ìyẹn jó irin?"

"Ọ̀tún ni mo fi ń jó o, sà."

Ọ̀gá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ibi tó máa gbé ilé rẹ̀ sí hàn án.