Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Tí Ìyàwó Mi Kò Tò

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ẹ̀kọ́ ìṣirò tó fi fóònù ká sílẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wúruwùru, bí ẹrù tí wọ́n já láìtò. Tíṣà ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti béèrè ohun tí kò yé e, á gbé fóònù ti ife omi, á ṣàlàyé, á fi í síta. Kò padà wẹ̀yìn.

Ọ̀gá ilé-ìwé wọn wá kí mi. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ẹ̀kọ́ náà, wọn kò rí i. Bí kò bá wà létòlétò kí sáà tuntun tó wọlé, àwọn yóò pa á rẹ́, àwọn yóò lo ti ẹlòmíràn.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìdánwò kì í dúró de ọlọ́fọ̀."

Mo ní n ó tò ó.

Ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì. Ọmọ wa obìnrin ṣí kọ̀mpútà fún mi, mo sì tò ó bí a ṣe ń to ẹ̀yà ọkọ̀: kékeré pẹ̀lú kékeré, ńlá pẹ̀lú ńlá. Ẹ̀kọ́ tó kúrú jù wà lókè, èyí tó gùn jù wà nísàlẹ̀. N kò jẹ́ kí ọ̀kankan sọ̀rọ̀.

Ọmọ mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Bàbá, ẹ fi áljébrà ṣáájú àròpọ̀! Ẹni tí kò tíì rá, ẹ ní kó sáré."

"Òun ló kúrú jù."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ wò?"

Mo yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Màmá máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ èyí tó tẹ̀lé èwo. Ṣé kí n bá yín gbọ́ ọ?"

"Rárá. Jókòó tì mí ni."

Mo tẹ áljébrà náà. Ohùn ìyàwó mi gba yàrá kan: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olórí pípé. Ẹni tó bá ń sùn, kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jí i. Bí ẹ ò bá tíì mọ ìṣirò ìdá, ẹ lọ mọ̀ ọ́n ná."

Mo gbé e sẹ́yìn ìdá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nínú ọ̀kan, mo gbọ́ ikọ́ ara mi lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ má wo ibẹ̀," ló sọ fún àwọn ọmọ. "Ọkọ mi ni. Òun náà ò mọ ìdá."

Ọmọ mi wò mí. Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi.

Èyí tó kẹ́yìn parí báyìí: "Ó tó fún òní. Lọ́la, a ó wo onígun mẹ́ta." Kò sí ti onígun mẹ́ta.

Ọ̀gá ilé-ìwé yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní ó gún régé, àwọn yóò lò ó. Ó kàn ní ká gé "lọ́la" yẹn kúrò, kó má baà da àwọn ọmọ lọ́kàn rú.

Mo ní a kò ní gé e. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Tíṣà yín kò sí mọ́. Ẹ ní kí ẹlòmíràn kọ́ yín ní onígun mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ síbí fún àwọn tó kù."